Bí Bàbá Mi Ṣe Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Nínú ilé wa ní Festac, ẹni tí kò bá ní lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ kò níṣẹ́. Òfin bàbá mi nìyẹn. Mínísírì kan ti ìjọba àpapọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ohun tó sì ń pè ní iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n fi lẹ́tà gbà ọ́ sí, tí o ní ọ̀gá lókè, tí o ní àkókò ìsinmi, tí wọn yóò sì máa san owó ìfẹ̀yìntì fún ọ tí o bá darúgbó. Èyí tó kù, eré ni. Ẹnì kan lè ní ṣọ́ọ̀bù tó kún bámúbámú lọ́jà Agbójú, bàbá mi á mi orí, á ní, "Ọmọ yẹn ń tiraka. Ọlọ́run á fún un níṣẹ́."

Kò dá nìkan ronú bẹ́ẹ̀ o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló kún àdúgbò wa, irú kan náà ni gbogbo wọn. Bí a bá ń ṣe ìpàdé àdúrà láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá kan wà tó máa ń dìde pé kí a bá òun gbàdúrà kí ọmọ òun ríṣẹ́. Ọmọ yẹn kì í lè wá sí ìpàdé àdúrà náà, nítorí pé àwọn tó fẹ́ gẹrun ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A ó sì pariwo "Àmín."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára jù nílé wa ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa iná mànàmáná. Ó wá lẹ́tà títí, lẹ́tà ò dé, ló bá ra àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sólà àti ìnfátà sílé fún àwọn èèyàn. Láti Satellite Town títí dé Mazamaza, orí òrùlé ni kí o ti máa wá a. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, eruku páànù á ti kùn ún lójú. Bàbá mi, tó máa ń kí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí wa pé "ẹ kú iṣẹ́ o," tó ń kí ẹni tó ń gbá òpópónà pé "ẹ kú iṣẹ́," á wo ẹ̀gbọ́n mi láti òkè délẹ̀, á ní, "O ti dé." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo èyí ì bá máa pa wá lẹ́rìn-ín lásán, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Agbójú ni àwọn òbí ọmọbìnrin náà ń gbé, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé kí àwọn òbí rẹ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. "Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni ọmọ mi ń ṣe, ẹnu wo ni màá fi dáhùn?" Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, olùṣọ́-àgùntàn wa bẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, bàbá ọmọ náà sọ pé bí ẹnikẹ́ni ò bá yọjú títí Ọdún Àjíǹde, a jẹ́ pé àwọn ará ilé wa ò fẹ́ ọmọ òun, òun ò sì ní fi ọmọ òun bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun dáadáa mọ́. Inú bí mi sí bàbá mi débi pé mo ń tilẹ̀kùn gbàgà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí èmi alára ríṣẹ́. Wọ́n gbà mí fún ìgbà díẹ̀, pé kí n wà lára àwọn tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àti àìríṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà wà níbẹ̀! Bàbá mi ka lẹ́tà náà ní àkàtúnkà, ó sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi pé Olúwa ti dá òun lóhùn, ọmọ òun kan ti ríṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé òun ló ra epo sọ́kọ̀ tó gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìjọ. Ojú tì mí fún un.

Wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ náà nínú gbọ̀ngàn kan ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó ló kọ́ wa. Ó ní a ò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́?" nítorí pé ohun tó wà lọ́kàn oníkálukú ni yóò fi dáhùn. Ohun tí èèyàn ṣe láàárín ọjọ́ méje tó kọjá ni kí a béèrè. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún owó tàbí fún èrè, ì báà ṣe wákàtí kan péré, a ó kà á mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe, tó ń wáṣẹ́, tó sì ṣe tán láti ṣe é, òun ni aláìríṣẹ́ṣe. Ẹni tí kò ṣe, tí kò sì wá, kò sí lápá ibí, kò sí lápá ọ̀hún.

"Ẹ ka ìbéèrè bó ṣe wà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má bá onílé jiyàn, ẹ má là á yé e ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ. Ẹ má sì fi ojú dá a lóhùn."

Ìyẹn gan-an ló fẹ́ kó bá mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, tèmi kì í sì í pamọ́. Nígbà tí a ń dánra wò, akẹgbẹ́ mi kan ṣe bí onílé, ó ní òun ò níṣẹ́, òun kàn ń ta bọ́rẹ́dì láràárọ̀ ni. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Háà, kí lẹ wá ń pè ní iṣẹ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní kí n lọ sílé, kí n fi àwọn ará ilé mi dánra wò títí ojú mi á fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba, ẹ̀rọ tí wọ́n kó àwọn ìbéèrè náà sí, jókòó síwájú bàbá mi ní pálọ̀.

"Jáde," ni ó wí.

"Sà?"

"Jáde síta kí o kanlẹ̀kùn. Ṣé báyìí ni òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń já wọlé onílé?"

Mo jáde tòun ti sílípáàsì, mo kanlẹ̀kùn. Ó bi mí pé ta ni. Ó yẹ káàdì ọrùn mi wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, bí ẹni tí kò rí mi rí láyé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jókòó, mádàámù. Mọ́mì, ẹ bá wa gbé omi wá fún àlejò!" Bàbá mi ń pè mí ní "ẹ"! Mo bu ètè mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé àwọn wo ló ń sùn tí wọ́n sì ń jẹun nínú ilé náà. Ó kà wá. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nílé, ó wà lórí òrùlé kan ní Satellite Town, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wa gbà pé kí olórí ilé dáhùn fún ẹni tí kò sí nílé.

"Kò níṣẹ́," ni bàbá mi wí kí n tó la ẹnu. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹnu ń yún mi. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti fi oṣù bíi mélòó kan tọ́jú sínú ti dé ètè. Mo gbé wọn mì, mo ka ohun tó wà níwájú mi: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ó ṣe iṣẹ́ kankan fún owó tàbí fún èrè, ì báà ṣe fún wákàtí kan?"

"Wákàtí kan?"

Mo tún un kà bó ṣe wà.

"Ó ń gun òrùlé kiri ni."

"Ṣé fún owó ni, sà?"

"Ta ló máa gun òrùlé lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oòrùn yìí?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé wákàtí mélòó ni ẹ̀gbọ́n mi sábà ń lò nídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò láti Mọ́ńdè. Kò sí ọjọ́ kan tí kò mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi lọ àti ìgbà tó wọlé. Nígbà tó ṣírò tán, ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Èmi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní mínísírì."

"Mo gbọ́ o," ni ìyá mi wí láti ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì.

"Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kò tíì kàn yín!" Ó kọjú sí mi. "Ìbéèrè bóyá ó ń wáṣẹ́ ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ó ti tọ́jú ìdáhùn gígùn fún un.

"Ẹ̀rọ ti fò ó, sà. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nìkan ló ń bi í."

"Ó fò ó?"

"Ó fò ó, sà."

Bàbá mi mu omi tó ní kí wọ́n gbé fún èmi.

Ó kan ìyá mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì dáhùn tìdùnnú-tìdùnnú. Kò ṣe iṣẹ́ kankan fún owó, kò wá, kò sì fẹ́. "Bí wọ́n bá fún mi níṣẹ́ lọ́la, màá sá gba ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Mo ti gbẹ̀bí tó." Mo tẹ̀ ẹ́ pé kò sí lápá ibí, kò sí lápá ọ̀hún. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ibi tí òun ń wá gan-an nìyẹn.

Ó wá ku bàbá mi. "Mo ti fẹ̀yìn tì," ni ó wí. "Ìbéèrè tèmi ò le."

Lóòótọ́, a sáré kọjá àwọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ran ará ilé yín kan lọ́wọ́ nínú òwò rẹ̀ láìgbowó, ì báà ṣe fún wákàtí kan?"

"Rárá o," ni ó wí.

Bó ṣe pa ẹnu dé ni ẹnì kan ké sí wa láti ẹnu géètì. Obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ní Mazamaza ni, oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi. "Dádì, ẹ gbà mí o, ìnfátà yẹn tún ti ń ké, ẹja mi fẹ́ yọ́!"

Bàbá mi dìde. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé kò lè rí àlejò kó má tọ pinpin ohun tó bá wá. Ó gbé àga fún obìnrin náà ní ìta, ó bi í pé kí ló tàn mọ́ ọn, ṣé ó tún fi áyọ́ọ̀nù sí i, ṣé òun ò ti kìlọ̀ fún un lọ́sẹ̀ yìí kan náà? Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ròyìn àìsàn ìnfátà náà fún un lẹ́sẹẹsẹ. Ó sọ fún obìnrin náà ohun tó gbọ́dọ̀ yọ àti ohun tó lè fi sílẹ̀, ó dá àkókò tí wọn yóò wá wò ó fún un, ó sì sìn ín dé géètì. Oníbàárà mìíràn ti pè é kó tó padà wọlé, ó sì dá a lóhùn títí. Nígbà tó fi jókòó, omi inú ife ti lọ́wọ́ọ́rọ́.

"Níbo la bá a dé?" ni ó wí.

Mo tún ìbéèrè náà kà. Mi ò gbé ojú sókè, mi ò gbé e sílẹ̀. Olùkọ́ mi ì bá rí mi lọ́jọ́ náà!

Bàbá mi wo èmi, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyá mi tó ti fi ìborùn bo ẹnu.

"Tẹ̀ ẹ́," ni ó wí. Ó wá bi mí pé, "Kí ló pè mí?"

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú òwò ará ilé rẹ̀ láìgbowó, sà."

"Òwò ará ilé wo?"

Mi ò gbọdọ̀ là á yé e. Ìyá mi ni kò bá ìjọba ṣàdéhùn. "Ti ọmọ yín tí kò níṣẹ́ ni, Dádì."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó wá di ẹ̀rín gidi, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba sílẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ìbínú tí mo fi ń tilẹ̀kùn gbàgà bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku rẹ̀. Bàbá mi wò ó pẹ́. "O kú iṣẹ́," ni ó wí. Ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

A lọ sí Agbójú kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Bàbá mi dé fìlà tó fi ń ṣọdún. Wọ́n gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, a gbàdúrà, a jẹun. Bàbá ọmọ náà wá tún ara ṣe lórí àga, ó ní kí a má bínú, àmọ́ bàbá ọmọbìnrin ni òun, òun gbọ́dọ̀ béèrè: kí ni ọmọ wa ń ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàtà rẹ̀.

"Ó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀," ni bàbá mi wí. "Èmi gan-an, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò tíì san kọ́bọ̀ fún mi o, kò sì fún mi ní lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó dáa ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n mi. Òun tẹrí ba, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú.