Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Da Omi Ọṣẹ Sórí Ẹ́ńjìnnì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju bọ́ńpà mọ́tò lọ, Borokiri ni à ń gbé ní Port Harcourt, níbi tí fèrè ọkọ̀ ojú omi ti máa ń jí wa kí ìyá mi tó pariwo orúkọ wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà á rántí òórùn ibẹ̀: ẹrẹ̀ odò, pánla, àti bọ̀ọ̀lì tí wọ́n ń yan lẹ́bàá títì, tí wọ́n á fi epo àti ẹja yíyan sí. Bàbá mi, ará Iléṣà, ní ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó pánla láti wọ́ọ̀fù, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, lọ sọ́jà. Mọ́tò yẹn ló ń bọ́ wa. Táyà rẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi láti fọ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi tó.

Nígbà òjò ọdún kan, àìsàn ṣe mọ́tò náà. Bó bá ń sáré, kò burú. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti dúró pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á sì kú. Ọ̀gá Sándé, mẹkáníìkì ará Ikwerre tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tú kábúrétọ̀ tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan mọ́tò náà kú lórí ojú irin pẹ̀lú bàbá mi nínú rẹ̀. Àwọn alágbàrù wọ́ọ̀fù ló sáré tì í kúrò kí réluwé tó dé. Bàbá mi wálé, kò jẹun. Ó ní òun á tà á, ká sì padà sí Iléṣà lọ dáko. Mo rí ìyá mi tó ń wo aṣọ wa lórí okùn bí ẹni tó ti ń dì wọ́n sínú àpótí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ẹni tó fẹ́ rà á máa wá láti Elémé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ mi méjèèjì lókè, nítorí mo ti fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fẹ́ omi ọṣẹ ìfọṣọ ìyá mi sójú ọ̀run títí ó fi kù díẹ̀. “Ẹni tó bá fi ọṣẹ ṣeré, ìdọ̀tí ni yóò wọ̀,” ni ìyá mi wí. Bàbá mi àti Ọ̀gá Sándé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Ìyá mi kàn dúró lójijì, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Bọ́sẹ̀,” ló fi orúkọ mi pe bàbá mi, “ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ṣe fìì, bíi sítóòfù onípọ́ǹpù mi lọ́jọ́sí? Afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan kọjá.”

“Ìyá Bọ́sẹ̀, mọ́tò kì í ṣe sítóòfù.”

Ìyá mi fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé básíà rẹ̀, ó ń fi àkísà kán omi ọṣẹ sára ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń wá ibi tí sítóòfù ti ń jò. Níbi àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó dé ìdí kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì fa ọṣẹ náà wọlé fúù, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ sì dín kù. Bí ọṣẹ ti tán níbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Madam, na there! Na there e dey draw breeze!” Ọ̀gá Sándé pariwo.

Láyé ìgbà yẹn, èémí ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rọ́bà kan fa wáípà tó ń nu òjò lójú gíláàsì. Wọ́n kán ọṣẹ síbẹ̀ náà, wọ́n rí i pé abẹ́ rọ́bà náà ti ya. Ọ̀gá Sándé fi ìka dí i, ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀ bí ọmọ tó rí ọmú. Ó gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, èyí tó ń dí àlàfo àárín irin méjì, láti ara páálí líle, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìdí kábúrétọ̀, ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ó sì fi rọ́bà mìíràn rọ́pò èyí tó ya. Kò sẹ́ni tó rántí pé mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi gan-an ti gbàgbé.

Nígbà tí ará Elémé dé, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí bàbá mi dá iye owó. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Oga, no vex,” ló wí. “I no dey sell am again. My wife don repair am.”

Lónìí, mọ́tò àwọn ọmọ mi ń tan iná pupa bí nǹkan bá ṣe é, kọ̀ǹpútà ni mẹkáníìkì fi ń wá ibi tó ń jò. Tọkọtaya ń yin ara wọn lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí bàbá mi yin ìyá mi lójú àlejò. Títí ìyá mi fi darúgbó, ó ń sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ní Píjìn gẹ́lẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́.