Èékánná Bàbá Yẹ̀ẹ́wò

Ìfura loògùn àgbà, a ò jiyàn, ṣùgbọ́n Bàbá Yẹ̀ẹ́wò ti lo oògùn náà ní àlòjù. Ọgbọ̀n ọdún ló fi yẹ ọjà wò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn onírin. Èékánná àtàǹpàkò ló fi ń họ ọ̀dà, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kùn ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó fẹ̀yìn tì, èékánná ò fẹ̀yìn tì.

Ojú ìyàwó rẹ̀ ń ṣú lọ, dókítà sì ti sọ ojú abẹ níkòó pé kò ní pẹ́ ṣú tán. Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun bí àkọ́bí, ó fi fídíò ránṣẹ́, àmọ́ òjìji lásán ni ìyá àgbà ń rí lórí fóònù. Ni ọkọ ọmọ bá fi pùròjẹ́kítọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, kí ojú ọmọ lè tóbi bí ilẹ̀kùn. Ó ku kí wọ́n kun ògiri pálọ̀.

Pẹ́ńtà tí wọ́n pè kì í sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ni Bàbá kọ́kọ́ fura sí. Pẹ́ńtà náà fi sáńpépà ha ògiri títí tó fi jọ̀lọ̀, ó wá ṣí garawa ọ̀dà. Àwọ̀ eérú! Bàbá ní funfun ni gbogbo ayé mọ̀. Pẹ́ńtà ní eérú ló ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere, pé funfun á mú kó rí bàìbàì. Ó dá Bàbá lójú pé àjẹkù ọ̀dà ilé ẹlòmíì nìyẹn. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ ọkùnrin náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹran lórí iná. Nígbà tí pẹ́ńtà ń lọ, ó ní òun ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ̀? Bàbá ti sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, ta ló wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń wẹ̀, ó yọ́ wọ pálọ̀, ó họ ògiri níbi mẹ́ta bí òfin ilé iṣẹ́ wọn: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ó kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni lóòótọ́. Inú ọkùnrin yìí sì dùn, ẹ gbà mí o.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, pẹ́ńtà padà wá to ẹ̀rọ náà. Wọ́n fa kọ́tìnì, ọmọ yọ sára ògiri, ràbàtà.

“Ta ló họ ọmọ mi lójú?” ni ìyá àgbà bèèrè.

Pẹ́ńtà fọwọ́ pa ibẹ̀, ó wo Bàbá, ó ní àfi kí òun ha gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun tún un kùn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ti wá sí Bàbá lẹ́nu láti sọ pé iṣẹ́ jákujàku ni pẹ́ńtà ṣe. Ojú tì í.

“Èékánná mi ni,” ló wí.

Ìyá àgbà ní ojú òun ò ní ọ̀sẹ̀ kan tó máa fi ṣòfò. Ó fa ọkọ rẹ̀ jókòó, ó ní kó máa sọ ohun tí àpá náà bò fún òun. Bàbá ní ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọnú.

“Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ kàn ń tù mí nínú?”

Bàbá wá ohun tó lè fi hàn án láti jẹ́rìí, kò rí.

“Òótọ́ ni,” ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun gbọ́.