Ìbéèrè Tí Bàbá Mi Fi Rédíò Bi Mí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń ju eyín tó bá yọ sórí òrùlé (ẹ má wo ẹnu mi, èyí tó kù níbẹ̀ tó mi í jẹran), ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ní Festac kì í ṣe òkùnkùn, kì í sì í ṣe pàṣán ìyá mi. Rédíò bàbá mi ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn ni mò ń wí. Èyí ń gbọ́, ó sì ń fọhùn. Bàbá mi gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ó ta wáyà láti fèrèsé wa lọ sórí igi àgbọn ẹ̀yìn ilé, ó ń bá àwọn tó fẹ́ràn rédíò bíi tirẹ̀ sọ̀rọ̀ dé òkè òkun. Nígbà tó yá, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti àpótí dúdú kan tó so ó mọ́ rédíò. Ó ní òun kò ní fẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, títẹ̀ ni òun yóò máa tẹ̀ ẹ́. Àpótí yẹn á di ọ̀rọ̀ ní ìdì kéékèèké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, rédíò á sì jù wọ́n sófuurufú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìdì kan bá bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n á tún fi í ránṣẹ́ títí yóò fi dé láìyingin.

Ọ̀rọ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀! Ó ń han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Raji Rasaki Estate ra irú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń han síra wọn nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́ láìrí lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ ò ṣe kúkú wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a?" ni ìyá mi máa ń wí.

Ìgbà ìjọba sójà sì ni. Àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bí àwọn tó ń dìtẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mú bàbá mi, ìwé àṣẹ kò ní gbà á sílẹ̀. Mo gbọ́. Láti ìgbà náà, bí bàtà bá ti dún lórí àtẹ̀gùn, àyà mi á já.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi lọ ra wáyà ní Mazamaza, ó fi rédíò sílẹ̀ láìpa á. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi ṣí i. Sójà ni, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn! Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọlúàbí, ó ní òun ń wá ọkùnrin tó ni wáyà. Kó tó jókòó, mo ti ju ìró ìyá mi bo gbogbo ẹrù náà mọ́lẹ̀.

Ìyá mi gbé omi fún un. Ìdajì omi náà ló dé ọ̀dọ̀ àlejò. Oòrùn ń wọ̀. Bàbá mi tó yẹ kó ti dé kò dé. Mo rò ó nínú ara mi pé wọ́n ti mú un lọ́nà, pé àwa tó kù ni èyí wá kó.

Ibẹ̀ ni rédíò ti han lábẹ́ ìró.

"Kí nìyẹn?"

"Adìyẹ ni, sà," ni ìyá mi wí.

Ó tún han.

"Màdámú, ara adìyẹ yín ò yá o."

Ó ká ìró kúrò. Kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà. Ó wò mí. "Ìwọ, ṣé o mọ̀ ọ́n lò?"

Ǹ bá purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ adìyẹ ti tó ilé kan. Mo ti rí bí bàbá mi ṣe máa ń yí kókó ojú rédíò bí ẹni ń bó ẹyin. Mo yí i síwájú díẹ̀, mo yí i sẹ́yìn díẹ̀, títí iná pupa ara àpótí fi dúró láàárín gangan. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́: "Mo wà ní Raji Rasaki. Mo rí bàtà sójà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣé wọ́n ti kó yín ni?"

Ẹ gbọ́, bàtà lásán ni bàbá mi rí tó fi sá lọ sídìí rédíò ọ̀rẹ́ rẹ̀! Ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Sójà ń kà á lọ lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fi ibi tí bàbá mi sá sí hàn án.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé ilé ẹ̀yìn ni mò ń gbé. Ariwo rẹ̀ ń da tẹlifíṣọ̀n mi rú. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, kó jẹ́ ká máa rí bọ́ọ̀lù wò."

Mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ìdì lọ, ìdì bàjẹ́, ìdì tún lọ. Èsì dé: "Ta ló ń tẹ èyí? Bó bá jẹ́ ọmọ mi, kí ni mo máa ń pè ọ́ tí o bá ń sunkún?"

Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹ̀yin náà fẹ́ mọ̀ ọ́n, àbí? Kò kàn yín. Kí ìrẹsì tí ìyá mi gbé kaná tó jinná, bàbá mi ti dé, ó ń fo bàtà yẹn kọjá bí ẹni ń fo ejò.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọmọ mi tó wà ní yàrá kejì ló ń fi fóònù bi mí bóyá oúnjẹ ti jinná. Rédíò kò han mọ́, kò sí kókó tí ẹnikẹ́ni ń yí. Ṣé ẹ̀rù wá tán? Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin lọ sí Apple Junction, ilẹ̀ ń ṣú, fóònù rẹ̀ kò lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti orí nọ́ńbà tí n kò mọ̀: "Mọ́mì, èmi ni. Fóònù mi ti sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ báyìí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àyà mi já gẹ́gẹ́ bíi tìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà kí n tó rántí. Mo jókòó, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: "Kí ni mo máa ń pè ọ́ tí o bá ń sunkún?"

Ọmọ mi wọlé láìpẹ́, fóònù rẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn ṣì ń ronú.