Ìkíni Adérógbà Lórí Ọ̀sà

Títí dòní, tí ẹ bá dárúkọ olóògbé Adérógbà Fọláwẹwọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá a ṣiṣẹ́ rí ní Ọ̀tà, ẹ̀rín lẹ ó kọ́kọ́ rí lójú onítọ̀hún, lẹ́yìn náà ni yóò bi yín pé: "Ṣé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lórí omi?" Òun náà ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 1988, lójú èèyàn tó lé ní ọgọ́ta, Adérógbà dúró lórí pákó pẹlẹbẹ kan lórí ọ̀sà Ológè, ó di aṣọ ìgbòkun mú, atẹ́gùn ń gbé e bọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kọjá níwájú bàbá tó fẹ́ fi ṣe àna, ó jọ̀wọ́ aṣọ náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó láti kí wọn. Aṣọ wó lù ú, pákó dojú dé, fìlà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lójú omi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ni ọkùnrin náà ń wá lọ́jọ́ yẹn, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì sì ni.

Ìkirè ló ti wá sí Ọ̀tà, ó di fítà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Ọ̀gá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mísítà Kúùtì. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, òyìnbó yìí á gbé pákó rẹ̀ àti aṣọ ìgbòkun lọ sí ọ̀sà Ológè lẹ́yìn Agbára, á dúró lé e lórí, atẹ́gùn á sì máa tì í kiri. Wínsọ́ọ̀fù ló ń pè é. Adérógbà ló máa ń bá a gbé ẹrù náà débi omi, nígbà tó yá, òyìnbó kọ́ òun náà. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí ohun èlò kò wọlé mọ́, wọ́n ní kí Kúùtì máa lọ sílé. Ó pín ẹrù rẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ kó tó lọ. Àwọn kan gba fáànù, ẹnì kan gba fìríìjì. Adérógbà gba pákó.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi ẹnu mọ́ ní kántíìnì. Bí wọ́n bá ti jókòó sídìí oúnjẹ ọ̀sán, òun á ti bẹ̀rẹ̀.

"Oríṣi mẹ́rin ló wà," á sọ bẹ́ẹ̀, á sì na ìka sókè. "Ti ìje, ti ìgbì, ti àrà, àti ti rírọra lọ. Adùn wọn ò sì dọ́gba."

Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá, kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà. "Ìje ni ọ̀gá wọn. Eré téèyàn ò ti mọ ẹni tó gbégbá orókè, kí la ń wò níbẹ̀?"

"Èmi, àrà ni mo fẹ́," Àdìzát tó ń ta oúnjẹ á dá sí i láti ìdí ìkòkò. "Kó máa yí, kó máa fò, kójú mi rí nǹkan. Ẹni tó kàn sáré kọjá lọ, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ìgbì òkun wá ńkọ́?" ni Yẹ̀kínì á bi í.

"Ìyẹn? Ẹni tíyá ẹ̀ bímọ púpọ̀ ni kó lọ gun ìyẹn."

Adérógbà á dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Ẹ ò tíì mọ nǹkan. Tó o bá ń bá wọn díje, ìpàkọ́ ẹlòmíì lo máa ń wò. Tó o bá ń gun ìgbì, o ò lè gbójú kúrò lára ìgbì. Tó o bá ń dárà, gbogbo ayé ń wò ẹ́, ìwọ ò rí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n tó o bá ń rọra lọ, wàá rójú èèyàn létí omi, wàá sì kí wọn."

"Ẹ gbà mí o!" ni Yẹ̀kínì á fi ariwo bọnu. "Ọkùnrin yìí fẹ́ gorí omi lọ kí èèyàn! Ṣé àwa tá a wà lórí ilẹ̀ yìí, o ti kí wa tán?"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó gun bẹ́ǹṣì, ó di igi ìnulẹ̀ mú, ó ta aṣọ tábìlì sórí rẹ̀, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì hàn wọ́n. Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, súpáfáísọ̀ wọn, ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Fọláwẹwọ́! Kí lò ń ṣe lókè yẹn?"

"Ìgbì ni mò ń gùn, sà."

Ó gba kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn, lọ́jọ́ náà. Àsìkò tí wọ́n ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ láràárọ̀ ni, ẹ̀rù sì ba gbogbo wọn fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fèsì ní ìlà méjì, kó tọrọ àforíjì. Adérógbà kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ó fi oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti dùn àti ibi tó kù sí, ó ya àwòrán sí i, ìparí rẹ̀ ló tó rántí pé òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ìwé náà rìn yíká gbogbo ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Èsì tó padà wá ni pé wọ́n ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kó má gun ìgbì mọ́ ní àkókò iṣẹ́.

Aṣọ ìgbòkun yìí náà ló mú un mọ Ẹfúnkẹ́. Ó ya lápá kan, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Sango.

Ẹfúnkẹ́ tú u sílẹ̀, ó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bùọ̀dá. Kọ́tínnì lẹ fẹ́ rán ni àbí àgọ́?"

"Ibi tó ya ni kẹ́ ẹ bá mi lẹ̀."

"Ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Atẹ́gùn ni."

Ẹfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Adérógbà tún gbé aṣọ náà padà wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ẹfúnkẹ́ yẹ ibi tó ya wò dáadáa, ó ní: "Bùọ̀dá, sísọ́ọ̀sì ló gé èyí."

Adérógbà ní atẹ́gùn Ológè mú gan-an ni.

Nǹkan wọ̀ láàárín wọn, ó wá ku kí bàbá ọmọ gbà. Bàbá Ṣóbándé, bàbá Ẹfúnkẹ́, ti pẹja lórí ọ̀sà Ológè fún àádọ́ta ọdún kó tó jókòó sílé. Gbogbo ohun tí Adérógbà sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé wọn ní Ìkirè ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń mi orí. Ibi tó ti sọ pé òun máa ń dúró lórí ọ̀sà ni wọ́n ti gbé orí dúró.

"O máa ń ṣe kí ni?"

"Mo máa ń dúró lórí pákó, bàbá. Atẹ́gùn á sì máa gbé mi lọ."

"Lórí ọ̀sà tèmi níbí? Mi ò rí i rí o. Mi ò sì ní fọmọ mi fún òpùrọ́." Bàbá na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ní Sátidé, màá wà létí omi. Tó o bá dúró kọjá níwájú mi, wá máa mú un lọ. Tí o ò bá lè ṣe é, má tún gba àdúgbò yìí mọ́."

Ọ̀rọ̀ ti wá di bẹ́ẹ̀. Yẹ̀kínì ní kó sá eré ìje kọjá, kí bàbá mọ̀ pé akin ni. Àdìzát ní kó dá àrà kan péré, kí ọkàn bàbá lè yọ́. Adérógbà ní rírọra lọ lòun máa ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ó dúró. Ẹnu ya àwọn apẹja. Ẹfúnkẹ́ di ọwọ́ mọ́ àyà. Gbogbo ohun tó kù fún ọkùnrin yìí ni kó kọjá lọ, kó lọ gúnlẹ̀, kó gba ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí bàbá lórí àpótí níbi tí wọ́n jókòó sí. Àgbàlagbà, àna lọ́la, òun wá dúró ṣanṣan lókè orí wọn! Ìyá tó tọ́ ọ ní Ìkirè kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o!" ló ké, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ìyókù, ẹ ti gbọ́.

Àwọn apẹja ló fà á jáde. Ó dúró níwájú bàbá, omi ń ro lára rẹ̀. Yẹ̀kínì ti yíjú sẹ́yìn, ó ti gbà pé ó parí.

Bàbá Ṣóbándé mi orí. "Mo rí i tó dúró," wọ́n ní. "Kò purọ́." Wọ́n wá rọra dìde. "Ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ wà lórí omi, tó ṣì rántí pé àgbà ni mí, kò ní fìyà jẹ ọmọ mi. Ẹfúnkẹ́, wá aṣọ gbígbẹ fún ọkọ rẹ."

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dáhùn ìkíni rẹ̀. Adérógbà kò sì gbàgbé. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀ nílé, bí aáwọ̀ kékeré bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ló ń padà sí. "Mo kí gbogbo yín létí omi, ẹ ò jẹ́ mi lóhùn."

"Bàbá Yẹ́misí, ẹ̀yin lẹ sáré wọnú omi kí n tó lanu," ni Ẹfúnkẹ́ á sọ.

Nígbà tí Bàbá Ṣóbándé wà láyé, ó fẹjọ́ sùn wọ́n títí. Bàbá ní omi ti dá a lóhùn.

Nígbà tí pákó là sí méjì, Ẹfúnkẹ́ ta aṣọ ìgbòkun náà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sango, kó lè máa bo oòrùn. Abẹ́ rẹ̀ ni Adérógbà máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, tó ń ṣàlàyé oríṣi mẹ́rin fún àwọn tó wá gba aṣọ wọn. Àwọn kan ti gba aṣọ tán, wọn ò lọ.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló mú un lọ. Ó dùn wá gan-an, kò sí bá a ṣe fẹ́ pa á mọ́.

Lọ́jọ́ tí Ẹfúnkẹ́ kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìnkú, Yẹ̀kínì bá a jókòó. Ẹfúnkẹ́ ń fi ẹ̀rọ ránṣọ lọ. Lọ́wọ́ ọ̀sán, atẹ́gùn kan dé láti ọ̀nà ibi tí ọ̀sà wà. Aṣọ ìgbòkun náà wú, ojú ibi tí Ẹfúnkẹ́ lẹ̀ nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn kedere, ó sì rọra ń mì lókè orí wọn.

Ẹfúnkẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Ó dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo èèyàn.

"Bàbá Yẹ́misí," ó ní, "ẹ kú ìrìn o. Mo gbọ́ ìkíni yín."

Yẹ̀kínì bú sẹ́rìn-ín, ló bá rí i pé ẹkún lòun ń sun. Ẹfúnkẹ́ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.