Èjìká Tí Mo Ní Kò Dùn Mí

Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdé, mo máa ń lọ jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba síwájú ọmọbìnrin kan tó kéré sí àkọ́bí mi, kí ó lè yẹ̀ mí wò bóyá mo wáṣẹ́ tó ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé páànù búrẹ́dì ní ilé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Old Trafford, ní ìlú Manchester, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n sì dá ogún nínú wa dúró. Wọ́n fún wa ní káàdì tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí, wọ́n gé kéèkì fún wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọmọdé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé ẹni tí kò níṣẹ́ ní ìlú yìí ní iṣẹ́ púpọ̀. Iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n ní kí èmi fi máa wáṣẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bá pè, gbogbo lẹ́tà tí mo bá fi ránṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí n kò bá kọ, n kò ṣe é. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Old Trafford dé Stretford lọ́jọ́ kan, mò ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, òjò sì ń pa mí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí, ó ní òun ò rí i nínú àkọsílẹ̀ mi. Mo ní bàtà mi ṣì tutù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n lọ kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ dáadáa ni. Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi fà á.

Ní ọjọ́ náà, ó ń ka ìbéèrè láti ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ń dáhùn. Ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tí mo ti ṣe. Ó wá bi mí pé ǹjẹ́ mo ní àìlera kankan tó lè dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́.

"No o," mo ní. "I am very fit, by the grace of God."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Bẹ́ẹ̀ èjìká mi ọ̀tún ti kú tipẹ́. Páànù búrẹ́dì ló pa á. Ó ti tó ọdún méjì tí n kò lè na ọwọ́ náà ga ju àyà lọ. Bí mo bá fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ní láti kọ́kọ́ ki ọwọ́ tó ń dùn bọ apá rẹ̀, kí n tó fi èyí tó sàn fa ìyókù wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá ní kí gbogbo ìjọ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹyọ kan ni mo ń gbé.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sọ. Níbi tí wọ́n bí mi sí ní Ṣágámù, tí ènìyàn bá ní "ara ńkọ́?", èsì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ara le, a dúpẹ́. Nígbà tí bàbá mi wà lórí àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bi í, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn pé ara òun ti sàn díẹ̀, a dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́. Ẹni tó béèrè á jókòó, á wo ojú rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, á fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìbéèrè yẹn, ilẹ̀kùn lásán ni. Ojú ni a fi ń gbọ́ èsì rẹ̀.

Mo wá dé ìlú yìí, mo bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ ti ń kọ́ wa pé ohun tí o bá fẹnu ara rẹ pè ni yóò jẹ́ tìrẹ. A kì í sọ níbẹ̀ pé "àìsàn mi". Àìsàn ta ni? Ènìyàn á fi ọ̀pá rìn wọlé, á ní òun ti gba ìwòsàn, gbogbo wa á ṣe àmín. Àmín tèmi kì í kéré rárá. Ẹni tí ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ báyìí, ṣé iwájú kọ̀ǹpútà ìjọba ni yóò ti wá máa ka ibi tó ń dùn ún?

Ó sì tún jọ mí lójú bí ìpolówó ọjà. Ta ni yóò gbé iṣu lọ sọ́jà kó máa sọ fún oníbàárà pé ó ti rà lápá kan? Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń kọ ọ́ sí ojú ewé yẹn pé ara mi le, mo ṣetán fún iṣẹ́kíṣẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn ń bi mí pé báwo ni mo ṣe wà, tí mo sì ń sọ pé mo wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń bọ́ kóòtù níwájú rẹ̀, mo ń yí gbogbo ara kí ó tó kúrò lọ́rùn mi. Kò wò mí. Kọ̀ǹpútà ló ń wò.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. Ó ti bá mi rí iṣẹ́. Ilé ńlá kan ni, ní Trafford Park, tí wọ́n ń kó ẹrù sí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sílé àwọn tó rà á. Ohun tí mo máa ṣe ni kí n máa gbé páálí sórí pẹpẹ tó ga jù mí lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje pé iṣẹ́kíṣẹ́. Mo ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ kìíní, mo fi ọwọ́ òsì gbé e, mo fi orí tì í. Ọjọ́ kejì, kó tó di àkókò ìsinmi, ọwọ́ ọ̀tún mi ti kọ̀ jálẹ̀, kò lè gbé ife tíì dé ẹnu. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó máa ń súfèé orin kiri, ń kọjá lọ. Ó ní, "You all right, mate?" Mo ní, "I'm all right." Òun náà kò dúró gbọ́ èsì, àwọn ará Manchester náà ní "ara ńkọ́?" ti wọn. Mo lọ bá a nígbà tó yá, mo ní mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ lọ mójú tó nílé. Mo wọ bọ́ọ̀sì. N kò padà síbẹ̀ mọ́, nítorí ojú ń tì mí.

Ní Túsìdé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti gbọ́ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìnídìí, wọ́n á sì dá owó mi dúró fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ èjìká. Kò bú mi. Ó kàn yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi, ó ń fi ọwọ́ fà á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara mi le. Ara mi le, mo ṣetán. Ara mi le gan-an ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Ó ní mo lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò, ṣùgbọ́n àfi kí n mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà.

Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ìbínú sí ọmọbìnrin náà, sí ìjọba, sí búrẹ́dì. Wọ́n ní ìwé fún gbogbo nǹkan, ojú ni wọn kò ní.

Ìyàwó mi ló wá ru ẹrù náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe ní ilé kan ní Stretford, ó ń gbé wọn dìde, ó ń wẹ̀ wọ́n, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé owó ti dúró, kò pariwo. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n fi òun sí Sátidé.

"Má ṣe é," mo ní. "Ọjọ́ mẹ́fà ti pọ̀ jù."

"Dádì, rent ńkọ́? Ṣé landlord máa gba testimony?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ara mi le. Ẹ ṣá lọ rí GP yín."

Àtirí dókítà náà, iṣẹ́ ni. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lèèyàn ń pè wọ́n, ẹ̀rọ á sọ fún ọ pé ìwọ ni ẹni kejìlélógún lórí ìlà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró. Ìyàwó mi ti lọ ṣe Sátidé méjì. Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí a bá ń gba àdúrà òwúrọ̀, dípò kí ó kúnlẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ìyáàfin ńlá tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti orí àga. Ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, obìnrin kan tí n kò rí rí ni. Ó ka fáìlì mi. Ó ní mo ti wá sọ ọ̀rọ̀ èjìká yìí fún dókítà mìíràn ní ọdún tó kọjá, ẹni náà fún mi lóògùn, nígbà tí wọ́n pè mí láti mọ bó ṣe rí, mo ní ó ti sàn púpọ̀. Òótọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ṣe mí dáadáa. Ẹni tó fún ọ lóògùn, ṣé o máa wá sọ fún un pé oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́? Ìwà àìmoore nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń bi ara mi pé ibo ni mo fẹ́ yà sí ní gbogbo Manchester tí kò ti sí nínú ìwé pé ara mi le.

Obìnrin yìí kò bi mí pé báwo ni mo ṣe wà. Ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé e dé àyà, ó dúró. Ó ní, ibo ló ń dùn mí? Mo fi hàn án. Láti ìgbà wo? Mo sọ. Kí ni n kò lè ṣe mọ́? Ìyẹn ló mú mi. Mo sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì, mo sọ ti irin tí à ń dì mú nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo dé orí ọwọ́ kan ṣoṣo tí mo ń gbé sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, omi bọ́ lójú mi, ojú sì tì mí níwájú obìnrin yẹn. Ó fún mi ní bébà pélébé láti fi nu ojú, ó kọ ìwé náà.

Mo gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Why didn't you tell me?" Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fi fún mi, ọ̀rọ̀ bàbá mi kò lè wọ inú rẹ̀. Mo ní mo ti wá sọ ọ́ báyìí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n tún fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìyàwó mi ń lọ ní Sátidé. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdé kan: wọ́n ti yí ìpinnu wọn padà, owó yóò máa wọlé, iṣẹ́ tí kò ní ẹrù gbígbé nínú ni a ó sì máa wá. Wọn kò ní kí n má bínú. Mo kà á, inú tún bí mi díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo dúpẹ́.

Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ́ bàtà.

"O kú iṣẹ́ o. Ara ńkọ́?"

"Ara le, Dádì. A dúpẹ́."

Mo sọ ìròyìn fún un. Ó ní, "Thank You Jesus," ó fẹ́ dìde láti wá dì mọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ di irin àtẹ̀gùn mú. Ó fa ara rẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó tún fà á. Mo rí i. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti bí mo ṣe máa ń bọ́ kóòtù.

"Ibo ló ń dùn ọ́?" mo ní.

"Níbo kẹ̀? Kò sí níbì kan."

Mo ń wò ó. Ó wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi," ó ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó máa ti tó one year báyìí."

"Kí ni o ò lè ṣe mọ́?"

Ó gbé bàtà náà sílẹ̀. "Mi ò lè kúnlẹ̀, Dádì. Tí mo bá kúnlẹ̀, mi ò ní lè dìde."

Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Odindi ọdún kan. Kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí n kò bi í pé ara ńkọ́.