Ọkọ Tí Mo Pè Ní Ẹ̀gbọ́n Níwájú Kóòṣì

Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ọmọ mi fi pe bàbá tó bí i ní bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó fi ẹgba lé mi kí n tó ṣe é, n kò sì ní di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀lù ló fà á, bọ́ọ̀lù yunifásítì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kàwé débẹ̀.

Àpòmù ni mo ti ń ta dòdò nígbà náà, létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́káníìsà kan. Ìkirè ni wọ́n bí mi, ọwọ́ ìyá mi ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ dòdò: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n àpọ́njù, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni a máa ń gún mọ́ ata kí a tó dín in nínú epo pupa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni mo lóyún. Ẹni tó fún mi lóyún ti jáde ṣáájú mi, ó ń bá oníkòkó kan wọn kòkó ní Àpòmù, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú wọn. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá a. Àwọn bàbá wa pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkirè, ààfáà so yìgì, mo kó ẹrù mi lọ sí Àpòmù. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìyàwó ilé ni mí, n kì í ṣe àlè.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́káníìsà yẹn ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń jókòó sí, lórí àwọn táyà tó ti kú. Télọ̀ kan ni olórí wọn, Alága ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ máa ń kà, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wà. Yunifásítì tí mo ń wí yìí, ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ rẹ̀. “Tiwa” ni wọ́n ń pè é. Bí bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ń kọjá lọ sí Ìbàdàn, wọn a dìde dúró bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Ẹni tí yunifásítì fẹ́ mú wọlé nítorí bọ́ọ̀lù, ẹni tí wọn kò mú, ẹni tí wọn ìbá mú tí kò bá kán lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jí nìyẹn.

“Wọ́n láwọn ti rí gólì kan ní Ìkòyí,” fọ́káníìsà á ní.

“Ìkòyí wo? Ṣé èyí tí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ itan ẹ̀ kọjá bí ewúrẹ́ tó gba abẹ́ ọgbà?”

“Ó ti yí padà.”

“Ó yí padà sí kí ni? Ṣé wọ́n ti rán itan ẹ̀ pọ̀ ni? Alága, ṣé ẹ̀yin lẹ rán an?”

Èmi náà á bú sẹ́rìn-ín nídìí epo mi, ọmọ á wà lẹ́yìn mi. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá yà ní ilé mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alága kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́: kóòṣì yunifásítì ń bọ̀ ní Sátidé, nígbà tí Àpòmù bá fẹ́ gbá pẹ̀lú Ìkirè. Ó ń wá ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Gbogbo wọn yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ mi ti ṣe ìdánwò àbáwọlé lẹ́ẹ̀mejì, máàkì díẹ̀ báyìí ló ń kù fún un, a sì ti gbọ́ pé bí èèyàn bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọn a máa ro tìyẹn mọ́ ọn. Ọkọ mi ní yunifásítì! Èmi tí mo ti rò pé kòkó ni yóò máa wọn títí ọjọ́ ogbó.

Dẹ́rẹ́bà kan tó wá lẹ táyà ló da omi sí i.

“Ẹ má jẹ́ kí kóòṣì mọ̀ pé ó níyàwó o. Wọn kì í gba oníyàwó. Ẹni tó bá ti níyàwó, orúnkún ẹ̀ ti rọ̀.”

“Ta ló sọ fún yín?” ni mo bi í.

“Ìyàwó, orí títì ni mò ń gbé. Kí ni mi ò tíì gbọ́?”

Kò sí ẹni tó ní ká lọ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Ohun tí dẹ́rẹ́bà bá ti sọ nídìí fọ́káníìsà, òfin ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alága dé ilé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Ó ní kí wọ́n bá òun bẹ̀ mí, kí n pe ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kan péré.

“Ìyàwó mi,” ni ìyá ọkọ mi wí, “ẹnu lásán ni. Ṣé ẹnu lè tú yìgì ni?”

Ẹnu náà mà ni wọ́n fi so ó. N kò rántí fún wọn ní èsì yẹn.

Nígbà tí ó ku àwa méjèèjì nínú yàrá, ọkọ mi gbé ọmọ lé itan, ó ń wo ilẹ̀. “Sátidé nìkan,” ó ní. “Bí mo bá wọlé, ìwọ ni màá kọ́kọ́ mú lọ fi hàn wọ́n.” Mo gbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó lọ.

Ní Sátidé náà, ọkọ mi wọ nọ́ńbà mọ́kànlá, ó gbá góòlù méjì wọlé. Lẹ́yìn eré, kóòṣì wá síbi àwo dòdò tí mo gbé wá sí etí pápá. Ọkùnrin kúkurú kan ni, onífìlà, tí kì í pariwo.

“Ìyá oní-dòdò, ẹ bá mi di díẹ̀. Mo rí nọ́ńbà mọ́kànlá tó ń gba omi lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Alága wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fojú bẹ̀ mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà.”

Kóòṣì wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. “Ọmọ yìí mà jọ ẹ̀gbọ́n yín gan-an o.”

“Ẹ̀jẹ̀ ni, sà!” ni fọ́káníìsà sáré dáhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Títí di òní, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù.

Wọ́n gbà á. Àwọn abẹ́ máńgòrò gbé e sí èjìká yíká ìlú. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti parí nìyẹn, àfi bí Alága ṣe ní kí n ṣì ní sùúrù kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, nítorí bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń dúró ra dòdò lọ́dọ̀ mi, ọmọdé kì í sì í mọ àṣírí pa mọ́. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti fẹ́ pe ọkọ mi ní bàbá, mo máa ń fi ìka kan án létè, jẹ́jẹ́. “Bọ̀ọ̀dá.” Òun náà á ní, “Bọ̀ọ̀dá.” Màá fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó yára mọ̀ ọ́n ju bí ó ṣe mọ “omi” lọ.

Lọ́dún kìíní, oṣooṣù ni ọkọ mi ń wálé. Nínú yàrá, ọkọ mi ni. Bí a bá jáde síta, bọ̀ọ̀dá ni. Lọ́dún kejì, ó di pé ìgbà ọdún nìkan ló ń wá. Lẹ́tà tó bá kọ, Alága ló ń kọ ọ́ sí, abẹ́ igi ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ọkọ mi.

“Ìyàwó, ṣé ẹ gbọ́ pé ọ̀gá wa gbá kan wọlé lánàá? Ẹsẹ̀ òsì náà ni!”

“N kò gbọ́ o.” Màá máa yí dòdò mi.

Lọ́dún kẹta, wọ́n dé ìpele tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Àwọn abẹ́ máńgòrò háyà bọ́ọ̀sì, mo gbé ọmọ mi, mo bá wọn lọ. A borí. Bí eré ṣe parí, ọmọbìnrin kan rìn bọ́ sí pápá, ó ń fi tówẹ̀lì nu ọrùn ọkọ mi. Ọkọ mi rí mi. Kò tilẹ̀ ta gìrì.

“Ha, àbúrò mi láti ilé nìyí! Òun ló ń ta dòdò tí mo máa ń sọ.”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. N kò bínú sí i. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló mọ̀. Ọmọ mi ń fò sókè, ó ń ké, “Bọ̀ọ̀dá! Bọ̀ọ̀dá mi!”

Kóòṣì dá mi mọ̀. “Oní-dòdò Àpòmù! Ẹ̀gbọ́n yín ṣe bẹbẹ.” Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, gólì wọn kọjá, ó gbé ọmọ sọ́rùn, obìnrin olóyún kan dì í lọ́wọ́ mú.

“Ta nìyẹn, sà?”

“Ìyàwó gólì. Ọdún tó wọlé ló ti mú un wá kí wa. Wọ́n tó mẹ́ta tó níyàwó níbí.”

“Wọ́n ní ẹ kì í gba oníyàwó.”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. “Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ̀ ni mo wá wò ní Àpòmù, mi ò wá wá àna.”

Ọkọ mi ti sọ fún mi nígbà kan pé gólì wọn ni òun ń bá gbé yàrá kan náà láti ọdún kìíní. Ó ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń kan ọmọ mi létè, ó ti mọ̀.

“Sà,” ni mo wí, mo na ọwọ́ sí ẹlẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, “ọkọ mi ni.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Ó fẹ́ràn àwàdà, sà. Bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn.”

Mo yíjú sí àwọn tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì. “Alága, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so yìgì mi. Ẹ jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn.”

Alága wo ife tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé kiri. Ó wo ọkọ mi. Ó wá wo bàtà ara rẹ̀.

“Àǹtí,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká délé ná.”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé Àpòmù, Ìyàwó ni ọkùnrin yìí ń pè mí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní Àǹtí.

Orin ni wọ́n ń kọ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí mo fi gbé àwo mi àti ọmọ mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkirè. Mo gbọ́ pé àwọn abẹ́ máńgòrò ní ìwà mi kò dára, pé mo fẹ́ ba ọmọ ìlú lórúkọ jẹ́.

Nígbà tí Iléyá ń sún mọ́lé, mo gbọ́ pé ọkọ mi ń bọ̀ wá wo ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ lákọ̀tun. “Bàbá ẹ ni. Kí lo máa pè é?” “Bàbá.” Ọjọ́ gbogbo la ń ṣe é, bí ẹni tó ń kọ́ kéú.

Ó dé lóòótọ́, ó wọ aṣọ ọdún. Ọmọ sá lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀!”

Ọkọ mi gbójú sókè wò mí, ó ń dúró kí n tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe. Mo di ọmọ odó mi mú, mò ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lọ.