Màmá Lempi àti Ìrù Bífà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Lempi Hautala jẹ́, ẹ ju nǹkan nù lójú rẹ̀ ná. Ojú mi ló ṣe níjọ́ tó dá pásítọ̀ wa dúró létí ààtàn, tó gba bàtà tó ti ya lọ́wọ́ wọn. Ó ní màlúù tó ni awọ yẹn kò kú kí wọ́n lè fi í ṣe ìdọ̀tí.

Ṣúmékà ni Màmá Lempi. Nílùú wa yìí, ní àríwá Michigan létí adágún ńlá, kò sí bàtà iṣẹ́ tàbí bàtà ìgbéyàwó tí kò gba abẹ́ òòlu rẹ̀ kọjá nígbà kan. Àfi ìgbà tí bàtà pọ́ọ́kú dé, èyí tí wọ́n ń wọ̀ tí wọ́n ń sọ nù. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó òòlu, abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ wálé, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Irọ́ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró jẹ́ẹ́, ibo ló fẹ́ fẹ̀yìn tì sí?

Onni Rautio ló ń gbé ilé kejì sí tirẹ̀. Saimi, àbúrò Màmá Lempi, ni Onni fẹ́. Ikú ti mú Saimi lọ, àmọ́ ikú tó pa ìyàwó kò pa àna. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì jọ ń jà títí wọn á fi jẹun tán. Ọrun onígi ni Onni máa ń gbẹ́, irú ọrun gígùn tí kò ní irin kankan lára, táwọn tó fẹ́ràn ìṣe àtijọ́ ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà. Ó mọ̀ ọ́n gbẹ́, ó sì mọ ọfà ta. Nígbà ìwọ́wé, tí gbogbo wa bá lọ figagbága nínú igbó, ipò kejì làwọn yòókù máa ń dù.

Lọ́jọ́ kan, ìdì pákó kan ya lù ú lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ náà jinná, àmọ́ ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀lé e kò tẹ̀ mọ́. Bó bá di ọrun mú tó sì fa ọṣán, ńṣe ni ọrun á yí lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja tútù, ọfà á sì lọ síbi tó wù ú. Ọ̀kan lọ wọ táyà ọkọ̀ ìyàwó pásítọ̀. Ọjọ́ náà ló gbé ọrun tirẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ó ṣì ń gbẹ́ fún oníbàárà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ta mọ́. Ọkùnrin tó máa ń pariwo kí èèyàn láti òdìkejì títì wá di ẹni tó ń mi orí lásán.

Màmá Lempi rí gbogbo rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ti bà wá lẹ́rù.

Nígbà tí yìnyín yọ́, àwọn bífà wá sé odò tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹranko tó ní eyín bí àáké, tí ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀, tí kì í sinmi! Wọ́n wó igi, wọ́n fi ẹrẹ̀ dí i, omi bá ya bo ọ̀nà. Ó wọ inú sáúnà Màmá Lempi, ilé pákó kékeré tó ti ń wẹ̀ nínú ooru, ó ń bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ ilé. Ìjọba rán onítàkúté kan wá, Delbert lorúkọ rẹ̀. Ó mú àwọn bífà náà, ó bó awọ onírun wọn, ó wá fẹ́ da ìrù sódò.

“Dúró níbẹ̀!” Màmá Lempi ti dé, tòun ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀. “Kí lo fẹ́ dà nù?”

“Ìrù ni, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń rà á.”

“Ṣé mo bi ọ́ pé ta ló ń rà á? Kó o síbí.”

Ó kọ́kọ́ sè é ná. Ó ní bàbá òun sọ pé àwọn onítàkúté ayé ijọ́un ń jẹ ẹ́. Ó pe èmi àti Onni wá bá òun jẹ. Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rá ni, láti etí dé etí, bí ẹni ń jẹ àbẹ́là. Onni rọra gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń bínú sí wa ni?”

“Jẹun, aláìmoore.”

“Oúnjẹ ni mo ń retí kí n lè jẹun.”

Lẹ́yìn tí Onni lọ tán ni mo ń bá a fọ abọ́, mo sì rí i tó mú awọ tó ti bó lára ìrù náà, tó ń yí i lọ́wọ́. Awọ dúdú ni, ìpẹ́ wà lára rẹ̀ bíi ti ẹja, àmọ́ ìpẹ́ náà kò ṣí. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, awọ náà kò yọ̀. Ó da ọṣẹ sí i. Kò yọ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá Esko, máa lọ sílé rẹ. Mo níṣẹ́.”

Ó la àwọn ìrù tó kù, ó ha ọ̀rá inú wọn, ó fi iyọ̀ pa wọ́n, ó rẹ wọ́n sínú omi èèpo igi kí wọ́n lè di awọ gidi. Ọ̀rá wọn pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Omi ṣì wà nínú sáúnà tirẹ̀, ló bá gbé garawa lọ sínú sáúnà Onni, kò sọ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Onni dáná, ó bọ́ra, ó wọlé, ó da omi sórí òkúta gbígbóná. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, ọkùnrin jáde tòun ti táwẹ́ẹ̀lì kékeré.

“Ẹ̀gbọ́n Lempi! Òkú wà nínú sáúnà mi!”

Màmá Lempi yọ orí lójú fèrèsé. “Kì í ṣe òkú. Iṣẹ́ mi ni.”

“Iṣẹ́ wo ló ń rùn báyìí?”

“Lọ wọ ṣòkòtò ná. Ìyá Esko ń wò ọ́.”

Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Díẹ̀.

Nígbà tí awọ náà gbẹ, òórùn lọ, ó rọ̀, ó sì le bákan náà. Màmá Lempi wá lọ bá Onni, ó ní oníbàárà kan tóun rán bàtà fún nígbà kan, tó ń gbé ní Wisconsin, fẹ́ ọrun, àti pé òun fúnra òun lòun máa fi awọ bo ibi ìdìmú rẹ̀. Onni rojú, àmọ́ ó gbẹ́ ọrun náà, ó sì gbé e wá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ń bá wọn di òwú mú. Màmá Lempi ti lẹ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lé ara wọn níbi ìdìmú, ó wá fi awọ ìrù tó tutù bò ó, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó fi òòlu lu ihò sí etí rẹ̀, ó sì ń fi òwú fa etí méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà.

“Onni, fi ọwọ́ òsì dì í mú. Ọwọ́ oníbàárà tó tìrẹ. Tí awọ bá gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó máa mọ ibi tí ìka wà.”

Onni jókòó, ó dì í mú. Ìka mẹ́ta rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjì tí kò tẹ̀ wá bá awọ tó wú níbẹ̀, wọ́n jókòó lé e bí ẹni jókòó sórí àga rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Hẹ̀n.”

“Oníbàárà Wisconsin yìí, kí lorúkọ rẹ̀?”

“Orúkọ rẹ̀ gùn, mi ò lè pè é.”

“Ẹ̀yin tí orúkọ bàbá yín jẹ́ Hautaniemi lẹ̀ ń bẹ̀rù orúkọ gígùn?”

“Má gbọn ọwọ́. Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ.”

“Ṣé pákó ya lu òun náà lọ́wọ́ òsì ni?”

Màmá Lempi gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. “Onni, Saimi ní kí n máa bá òun wò ọ́. Kò sọ pé kí n máa wò ọ́ bó o ṣe ń wo ògiri.”

Onni kò jù ú sílẹ̀. Ó dì í mú títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé inú rẹ̀ kò bàjẹ́ tán pátápátá. Ó wá gbé ọrun sórí tábìlì, ó jáde, kò sì wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá Lempi lọ fi ọrun náà kọ́ ilẹ̀kùn Onni, ó padà sílé, kò jẹun dáadáa lóun náà.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àfi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ “gbì” ní ẹ̀yìnkùlé Onni: ọfà wọ ìdì koríko tó máa ń ta. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. “Gbì.” Lẹ́yìn náà, “kàù”: ọfà ti lu ọgbà.

Fèrèsé Màmá Lempi ṣí kíá. “Ṣé ìdì koríko lò ń ta ni, àbí ọgbà mi?”

“Ẹ jẹ́ n rímú mí, Ẹ̀gbọ́n!”

“Mí dáadáa. Ọgbà ń bẹ̀ ọ́!”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín Onni. Láti ìgbà náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ta, òun ń ta, Màmá Lempi ń bú u láti ojú fèrèsé, ariwo “kàù” sì ń dín kù.

Ìgbà ìwọ́wé dé, a lọ sínú igbó fún ìdíje. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí n má purọ́, Onni kò gbégbá orókè. Obìnrin kan láti Ishpeming ló gbé e. Àárín ni Onni wà, ó súnmọ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ọrun kò yí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo bí omi ṣe ń kán lórí rẹ̀. Nígbà tí àmì tó gbẹ̀yìn gba ọfà rẹ̀ láyà, ó pariwo débi pé àwọn tó wà létí odò sáré wá, wọ́n rò pé ẹnì kan ti fara pa. Gbogbo ènìyàn fẹ́ fọwọ́ kan ibi ìdìmú náà.

“Awọ kí nìyí, Onni? Awọ ejò ni?”

“Ìrù bífà ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ṣe é. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi pa wá ni.”

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọrun wá sí ilé ìdáná Màmá Lempi. Òfin kan ló ní: olọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ wá. Ọkùnrin kan ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ sórí ìwé, ó fi ránṣẹ́. Màmá Lempi dá a padà, ó ní òun kò rán àwòrán. Bí ìrù bá sì tán, tí wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu, ohun kan náà ló máa ń sọ: “Ṣé èmi ni mo bí bífà ni? Ẹ lọ jókòó.” Ó ń mú kí wọ́n mu kọfí, ó ń bi wọ́n léèrè ta ló fọ́ wọn lọ́wọ́, ta ló fẹ́ wọn, kí ló dé tí bàtà wọn rí báyìí.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, òun gan-an ní kí Onni gbẹ́ ọrun fún òun. Onni wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dà rú, àmọ́ ó gbẹ́ ẹ, ó kéré, ó rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọṣán nà án ní apá débi tí apá náà fi dúdú bí èso bulúbẹ́rì, ó sì kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun kò ní rán bàtà mi mọ́. Ó ń ta á báyìí lẹ́yìn ilé, tó bá rò pé kò sẹ́nì kankan nítòsí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọfà rẹ̀ kan wọ àárín gbùngbùn ìdì koríko. Ó dúró, ó wò yíká láti mọ̀ bóyá ẹnì kan rí i.

Mo rí i. Mo sì pariwo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Onni.